Ali tàbí Louis: Ta Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Dárúkọ?

Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1981, wọ́n ti àga onítáyà kan wọ ibi ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì Caesars Palace, ní ìlú Las Vegas. Ẹni ọdún 66 ló jókòó sórí rẹ̀. Àìsàn ọkàn ti gba agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, ara tó le koko nígbà kan ti fà gbẹ. Síbẹ̀, bí àwọn èrò ṣe rí i, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Joe Louis ni. Ó wá wo bí Larry Holmes ṣe máa gbèjà bẹ́líìtì rẹ̀ lọ́wọ́ Trevor Berbick, ọmọ bíbí ilẹ̀ Jamaica. Wọ́n ja ráúǹdì 15, àwọn adájọ́ ní Holmes ló borí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Louis kú.

Kí ọdún náà tó parí, Berbick yìí kan náà tún wọ agbo ìjà, ní Nassau, olú-ìlú Bahamas. Ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ni. Muhammad Ali ló dojú kọ lọ́tẹ̀ yìí. Ali ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni 40 ọdún, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ́ra, ọ̀rọ̀ ti ń wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ètò ìjà ọjọ́ náà burú débi pé agogo ọrùn màlúù ni wọ́n ń lù kí ráúǹdì tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ráúǹdì mẹ́wàá, wọ́n ní Berbick ló borí. Ali kò tún jà mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún 1981 ṣe mú àwọn akànṣẹ́ méjì tí wọ́n tóbi jù nínú ìtàn iṣẹ́ náà lọ, ọ̀kan sínú sàréè, èkejì sínú ìsinmi tó yẹ kó ti wọ̀ tipẹ́. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn kan kò ti sinmi: nínú àwọn méjèèjì, ta ló ṣáájú?

Àtòjọ ń bá àtòjọ jiyàn

Ní 1998, ìwé ìròyìn The Ring, tí àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ṣẹ́ ti ń kà láti ọdún 1922, to àwọn hẹ́fíwéètì, ìyẹn àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó wúwo jù lọ, láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni àádọ́ta. Ali ló fi ṣe ìkíní, Louis ìkejì. Nígbà tó di 2003, ìwé ìròyìn kan náà to àwọn tí ẹ̀ṣẹ́ wọn le jù, láìwo ìwọ̀n ara wọn. Louis ló gbé sókè pátápátá.

Ní 2005, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ìtàn ẹ̀ṣẹ́, International Boxing Research Organization, dìbò tiwọn lórí àwọn hẹ́fíwéètì. Ìkíní ni wọ́n fi Louis ṣe. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ESPN to àwọn akànṣẹ́ gbogbo ìwọ̀n pọ̀, ó fi Ali ṣe ìkejì, Louis ìkẹrin.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pín. Àwọn tó ń kọ̀wé fún gbogbo ayé sábà máa ń gbé Ali ṣáájú. Àwọn tó ń fi ọ̀sán àti òru wo fíìmù àtijọ́, tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn ọdún 1930 sí 1949 láti mọ ẹni tó lu ta, àwọn ni wọ́n ń gbé Louis. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àwọn àgbà tó gbọ́ ìròyìn ìjà Ali àti George Foreman ní Kinshasa lórí rédíò ní 1974 kò ní jẹ́ kí ẹ béèrè tán kí wọ́n tó pe orúkọ Ali. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ Louis rárá. Ìdí kan pàtàkì tí mo fi ń kọ àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn, nítorí ẹni tí kò mọ Louis kò lè sọ pé òun mọ ibi tí Ali ga dé.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì fún ọdún 22

Ọdún 1914 ni wọ́n bí Joseph Louis Barrow nítòsí LaFayette, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ó wà lọ́mọdé nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Detroit. Ìyá rẹ̀ ń fún un lówó pé kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta gòjé òyìnbó. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ ló ń ná owó náà sí.

Kò sí bí a ṣe fẹ́ wọn iṣẹ́ Louis láìkọ́kọ́ rántí Jack Johnson. Johnson ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè hẹ́fíwéètì àgbáyé, ní 1908. Ó gbé ayé rẹ̀ bó ṣe wù ú: ó fẹ́ obìnrin aláwọ̀ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń lù lọ́wọ́. Inú bí àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà sí i gidigidi. Lẹ́yìn tí oyè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Havana, ní ilẹ̀ Cuba, lọ́dún 1915, wọn kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú kankan tún du oyè náà fún ọdún 22. Harry Wills, akànṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kan, dúró títí agbára fi tán nínú rẹ̀, wọn kò dá a lóhùn.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn tó ń ṣe kòkárí Louis, John Roxborough àti Julian Black, aláwọ̀ dúdú làwọn náà, wọ́n sì fi òfin lélẹ̀ fún un: kò gbọdọ̀ ya fọ́tò pẹ̀lú obìnrin aláwọ̀ funfun, kò gbọdọ̀ yọ̀ lórí ẹni tó bá ṣubú, kò gbọdọ̀ gbéraga lójú ayé. Nínú agbo ìjà, ojú Louis kì í yí padà. Àwọn oníròyìn ìgbà náà kọ ọ́ pé kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, pé oorun ló ń kùn ún. Owó ibodè tó san nìyẹn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un, owó náà sì pọ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1937, ní Chicago, ó gbé James Braddock, ẹni tí oyè náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, sùn ní ráúǹdì kẹjọ. Ilẹ̀kùn ṣí. Kò tún sí ẹni tó rí i tì mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀. Ní ọdún kan ṣáájú, Max Schmeling ará Jámánì ti lu Louis ní Yankee Stadium, ó sì gbé e sùn ní ráúǹdì kejìlá. Schmeling ti fara balẹ̀ wo fíìmù ìjà Louis, ó sì rí àléébù kan: bí Louis bá ti na ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ òsì tán, ọwọ́ náà máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó padà sípò. Àyè yẹn ni Schmeling ń ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún rẹ̀ gbà, ráúǹdì lórí ráúǹdì, títí Louis fi wó lulẹ̀.

Louis gba oyè tán, kò yọ̀ ọ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ọ̀gá àgbáyé títí òun yóò fi lu Schmeling. Ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1938 ni wọ́n tún pàdé, ní pápá kan náà. Èèyàn tó lé ní 70,000 ló wà níbẹ̀, rédíò sì gbé ìjà náà kárí ayé. Ìjọba Hitler ti sọ Schmeling di àsíá ẹ̀yà wọn. Ó yẹ ká sọ òtítọ́ nípa ọkùnrin náà: kò wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Nazi, Júù ló ń ṣe kòkárí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì fi àwọn ọmọ Júù méjì pa mọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣọdẹ Júù kiri ní Jámánì lọ́dún 1938 yẹn. Àmọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ráyè yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò.

Fíìmù ìjà náà ṣì wà. Louis kò sáré, kò jó. Ìgbésẹ̀ kúkúrú kúkúrú ló fi ń wọlé, gẹ́gẹ́ bí Jack Blackburn olùkọ́ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa kí ẹ̀ṣẹ́ tó jáde. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kò gùn ju ohun tó yẹ lọ. Ọ̀kan bà Schmeling ní ìhà, ó ké. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ, àwọn aláwọ̀ dúdú sì kún títì Harlem, wọ́n ń yọ̀.

Èmi kò tíì rí ìjà oyè hẹ́fíwéètì kan tí akànṣẹ́ ti ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ga jù nínú ìṣe Louis, ìjà yìí ló fi hàn: bóyá o mú un ní ìpàdé àkọ́kọ́, o kò lè mú un ní ìkejì. Arturo Godoy ti Chile bá a fà á dé ráúǹdì 15 ní oṣù kejì ọdún 1940, débi pé àwọn adájọ́ kò fẹnu kò. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Louis fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ ní ráúǹdì kẹjọ. Bob Pastor sá fún un títí ráúǹdì mẹ́wàá fi pé ní 1937. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní 1939, ó gbé e sùn. Billy Conn, Jersey Joe Walcott, bákan náà. Ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ojú tí kì í yí padà nìyẹn.

Ó gbèjà oyè rẹ̀ ní ìgbà 25. Láti oṣù kejìlá ọdún 1940 dé oṣù kẹfà ọdún 1941, ó ja ìjà oyè méje láàárín oṣù méje. Àwọn ọ̀gá hẹ́fíwéètì òde òní, bí wọ́n bá jà lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún, a máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọdún 11 àti oṣù mẹ́jọ ló lò lórí oyè kó tó fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1949.

Ẹni tó tàpá sí ohun tí olùkọ́ ń kọ́ni

Nípa Ali, ayé ti gbọ́ púpọ̀, n kò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ. Cassius Clay ni wọ́n sọ ọ́ ní Louisville, ní 1942. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jí ní 1954 ló mú un pàdé ọlọ́pàá kan, Joe Martin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀ṣẹ́. Ó gba góòlù ní ìdíje Olympics ní Rome lọ́dún 1960. Ní oṣù kejì ọdún 1964, ó gba oyè lọ́wọ́ Sonny Liston, ẹni tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, tó jókòó sórí àpótí rẹ̀ tí kò jáde fún ráúǹdì keje. Ọdún náà ni Clay di Muhammad Ali, ọdún náà ló sì wá sí Áfíríkà: Ghana, Nàìjíríà, Íjíbítì.

Títí di òní, àwọn olùkọ́ ẹ̀ṣẹ́ máa ń kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ wọn pé wọn kò gbọdọ̀ fara wé e. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀, nítòsí ìbàdí. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá ń bọ̀, orí ló máa ń fà sẹ́yìn tààrà, ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá mọṣẹ́ yóò sọ pé ikú ni. Ó kàn jẹ́ pé ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti ẹnikẹ́ni tó tóbi tó o lọ. Nígbà tó bá Cleveland Williams jà ní Houston ní oṣù kọkànlá ọdún 1966, ráúǹdì mẹ́ta ló tó o, ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ẹ̀ṣẹ́ sì gbà pé kò jà dára tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Láàárín oṣù 22, ó gbèjà oyè lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

Ẹni ọdún 25 ni nígbà tó lu Zora Folley ní oṣù kẹta ọdún 1967. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún tí iṣẹ́ ológun jẹ

Ibi yìí ni ìtàn àwọn méjèèjì ti fara kan ara wọn jù, tó sì tún dùn mí jù.

Ní 1942, Louis wọṣẹ́ ológun. Ní ọdún náà, ó fi owó ìjà méjì tọrẹ, ọ̀kan fún ìrànwọ́ ọmọ ogun ojú omi, èkejì fún ti orí ilẹ̀. Ó ń jà ní àfihàn fún àwọn ọmọ ogun, ilẹ̀ òkèèrè àti nílé, nínú iṣẹ́ ológun tó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Ọdún mẹ́rin lé díẹ̀ kọjá láàárín ìjà oyè kan àti òmíràn. Ẹni ọdún 27 ló lọ. Ẹni ọdún 32 ló padà. Ara rẹ̀ ti wúwo, ẹsẹ̀ ti lọ́ra. Walcott gbá a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì ní oṣù kejìlá ọdún 1947, Louis fúnra rẹ̀ sì ti ń wá ọ̀nà jáde kúrò nínú agbo ìjà kí wọ́n tó kéde pé òun ló borí.

Ìjọba tó fún lówó tún yí padà bọ̀ wá bá a pé ó jẹ owó orí. Gbèsè náà gorí ara títí ó fi ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jáde nínú ìsinmi láti lọ bá Ezzard Charles jà ní 1950, tí Rocky Marciano sì fi gbé e sùn ní 1951. Ó tún ja gídígbò fún owó.

Ali ní tirẹ̀ kọ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1967, ní Houston, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ kó wá wọṣẹ́ ológun nígbà ogun Vietnam, kò sún ẹsẹ̀. Wọ́n gba oyè, wọ́n gba ìwé àṣẹ ìjà, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún un. Kò lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò rí ìjà jà títí di oṣù kẹwàá ọdún 1970. Ní 1971, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a láre, adájọ́ mẹ́jọ sí òdo.

Louis kò fara mọ́ ohun tí Ali ṣe. Ó ń pè é ní Clay nìṣó, Ali náà sì fọ̀rọ̀ tó gún ni bú u pé ẹrú òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ náà kò yẹ Louis. Ẹni tó tẹríba ní 1942 àti ẹni tó kọ̀ ní 1967, ilé kan náà ló ń lù wọ́n, ọgbọ́n tí kálukú wọn sì fi gba ara rẹ̀ là bá ìgbà tirẹ̀ mu. Bí àwọn tó ń to orúkọ bá fẹ́ fún Ali ní àmì nítorí ìgboyà rẹ̀ lóde agbo ìjà, ó tọ́ kí wọ́n fún Louis náà nítorí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bí ẹ bá bi mí, màá ní kí a yọ méjèèjì kúrò, kí a wo ẹ̀ṣẹ́ nìkan.

Ta ni wọ́n lù?

Àwọn tó ń bu Louis kù sábà máa ń sọ pé àwọn aláìlágbára ló ń lù. Oníròyìn àtijọ́ tilẹ̀ ti fi àwọn tó bá jà ní 1941 ṣẹ̀sín. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọkùnrin mẹ́fà tó ti jẹ ọ̀gá àgbáyé tàbí tó padà jẹ ẹ́ ni Louis gbé sùn: Primo Carnera, Max Baer, Jack Sharkey, Braddock, Schmeling, Walcott. Mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí, kó tó gba oyè rárá ló ti lù wọ́n.

Síbẹ̀, bí a bá gbé orúkọ wọ̀nyí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tí Ali bá pàdé, ìwọ̀n yóò tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Ali. Liston. Floyd Patterson. Joe Frazier lẹ́ẹ̀mẹta. Ken Norton lẹ́ẹ̀mẹta. George Foreman. Ron Lyle, Earnie Shavers, Jerry Quarry. Kò sí ìgbà kankan tí hẹ́fíwéètì ní akọni tó pọ̀ tó ti ọdún 1970 sí 1979, Ali kò sì sá fún ìkankan nínú wọn.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ ni pé nígbà tó bá àwọn wọ̀nyí jà, ẹsẹ̀ tó fi ń jó ti lọ. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà tí ara akànṣẹ́ máa ń dá ṣáká jù ni. Ẹni tó padà wá kì í ṣe ẹni tó lọ. Frazier gbá a lulẹ̀ ní ráúǹdì kẹẹ̀ẹ́dógún ní New York ní 1971, ó sì borí rẹ̀. Norton fọ́ ọ lágbọ̀n ní 1973. Ó ní láti di akànṣẹ́ mìíràn, ẹni tó ń fi orí gba ìyà, tó ń fi ọpọlọ wá ọ̀nà.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1974, ní Kinshasa, ni ọgbọ́n tuntun náà ga jù. Foreman ti gbé Frazier lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ráúǹdì méjì ní 1973. Ó tún fọ́ Norton, ráúǹdì méjì náà ni. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ni Ali dojú kọ ọ́ níwájú nǹkan bí 60,000 èèyàn. Ó fara ti okùn, ó bo orí, ó ní kí Foreman máa lù. Foreman lù títí apá fi rọ̀ ọ́. Ní ráúǹdì kẹjọ, Ali bọ́ síwájú, ẹ̀ṣẹ́ bíi mélòó kan, ọ̀gá àgbáyé wà nílẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní Manila, òun àti Frazier ja ráúǹdì 14 nínú ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn méjèèjì.

Mo mọ ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn Louis máa ń dáhùn. Wọ́n á ní ìjà kẹta Ali pẹ̀lú Norton ní 1976, Norton ló borí. Wọ́n á ní Jimmy Young lù ú lọ́dún kan náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wo ìjà wọ̀nyí gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà rò pé àwọn adájọ́ fi ojú rere wo Ali ní alẹ́ ọjọ́ tó bá Norton jà. Ṣùgbọ́n rẹfirí ìjà àkọ́kọ́ Louis pẹ̀lú Walcott ní Walcott ló borí. Adájọ́ méjì yòókù ló gba Louis. Wọ́n jọ jẹ irú oúnjẹ yìí ni.

Nǹkan kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Louis, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lù ú débi tí kò lè jà mọ́, Schmeling àti Marciano. Ali, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ṣẹ́ Liston, Frazier, Foreman, Lyle àti Shavers, kò sí rẹfirí tó kà á dé mẹ́wàá rí. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n dá ìjà rẹ̀ dúró, Holmes ni ní 1980, orí àpótí rẹ̀ ló sì jókòó sí nígbà tí Angelo Dundee olùkọ́ rẹ̀ ní ó tó.

Agbára àtigba ìyà yìí ló gbé e ga, òun náà ló sì bà á jẹ́. Dókítà rẹ̀, Ferdie Pacheco, bẹ̀ ẹ́ kó fi ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá Shavers jà ní 1977. Kò gbọ́, Pacheco sì fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1984 ni wọ́n sọ fún un pé àìsàn Parkinson ń ṣe é. N kò lè fún ẹnikẹ́ni ní àmì nítorí ìyà tó fi orí jẹ lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti rí i pé ó yẹ kó lọ sinmi. Ìjà Louis pẹ̀lú Charles àti Marciano, ìjà Ali pẹ̀lú Holmes àti Berbick, kí a má kà wọ́n mọ́ ti ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó mọ àwọn méjèèjì

Eddie Futch wà ní Detroit nígbà tí Louis ń kọ́ṣẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó máa ń bá Louis ṣe ìdánrawò nítorí pé Louis fẹ́ ẹni tó yára. Nígbà tó yá, ó di olùkọ́, òun ló sì wà lẹ́yìn Norton ní 1973. Ó tún bá Yank Durham ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Frazier ní 1971.

Futch rí ohun tí àwọn yòókù kò rí. Bí Ali bá ń na ẹ̀ṣẹ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún tó yẹ kó dáàbò bo ojú kì í sí nípò. Ó ní kí Norton máa na tirẹ̀ ní àkókò kan náà gan-an tí Ali bá ń na. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àgbọ̀n Ali, gbogbo wa la mọ̀.

Wọ́n ti rí àléébù Louis ní 1936, wọ́n sì rí ti Ali ní 1973, lára ẹ̀ṣẹ́ òsì kan náà. Ìyàtọ̀ ni pé Louis lọ tún tirẹ̀ ṣe, Schmeling kò sì rí i lò mọ́. Ali kò tún tirẹ̀ ṣe rí. Ó wá ọgbọ́n mìíràn fi bò ó. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ pọ́ńbélé, Louis ni ọ̀gá.

Ojú ẹni tó ń to orúkọ

Nat Fleischer, tó dá The Ring sílẹ̀, wo ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Kó tó kú ní 1972, ó to hẹ́fíwéètì mẹ́wàá tirẹ̀. Jack Johnson ló fi ṣe ìkíní, Louis wà ní ìkẹfà. Ali kò sí níbẹ̀ rárá. Kì í ṣe pé ó kórìíra Ali. Nígbà tí àwọn àjọ gba oyè lọ́wọ́ Ali ní 1967, Fleischer kọ̀ láti yọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ rí ní èwe ló ṣì tóbi jù lójú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà náà kò sàn jù. Ní 1967, oníṣòwò kan, Murray Woroner, ṣètò ìdíje àfinúrò lórí rédíò láàárín àwọn ọ̀gá hẹ́fíwéètì gbogbo ìgbà, ó ní kọ̀ǹpútà ló ń dá ẹjọ́. Kọ̀ǹpútà ní James Jeffries, tó gba oyè ní 1899, lu Ali. Inú bí Ali, ó pe Woroner lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí ni pé wọ́n ya fíìmù òun àti Marciano, tí wọ́n fi hàn ní sinimá ní 1970.

Ìwọ̀n ara náà tún ń da ọ̀rọ̀ rú. Nígbà tí Louis lu Schmeling ní 1938, ó wúwo tó 90 kílò. Lónìí, wọn kò ní kà á mọ́ hẹ́fíwéètì. Ìwọ̀n tó tẹ̀lé e nísàlẹ̀ ni wọn yóò fi í sí. Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ṣágámù, ń jà ní ohun tó lé ní 105 kílò. Nítorí náà, bí a bá ń tò wọ́n, ẹ jẹ́ ká béèrè ohun tí kálukú fi àwọn tó bá a láyé ṣe. Ìbéèrè ta ni yóò lu ta bí a bá gbé òkú dìde, ọ̀nà mìíràn ni.

Ká ní wọ́n pàdé

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tí kì í béèrè. Louis fúnra rẹ̀ sọ nínú The Ring ní 1967 pé òun ì bá lu Clay, pé òun ì bá há a mọ́ okùn.

Ẹ̀rí tó dára jù tí a ní ni Billy Conn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1941, Conn, tí ìwọ̀n tí wọ́n kéde kò ju 79 kílò lọ, fi ẹsẹ̀ kíákíá ṣáájú Louis fún ráúǹdì 12. Ìwọra rẹ̀ láti gbé Louis sùn ló jẹ́ kí Louis rí i mú ní ráúǹdì kẹtàlá. Ali ọdún 1966 yára tó Conn, ó fi nǹkan bí kílò 17 wúwo jù ú lọ, ó ga jù ú lọ, egungun àgbọ̀n rẹ̀ sì le ju tirẹ̀ lọ. Lóòótọ́, Henry Cooper fi ẹ̀ṣẹ́ òsì gbá Ali lulẹ̀ ní 1963, tí Louis bá sì rí irú àyè bẹ́ẹ̀, kò ní dúró lórí ẹ̀ṣẹ́ kan. Ṣùgbọ́n mo rí Ali tó ń borí pẹ̀lú àmì àwọn adájọ́ lẹ́yìn ráúǹdì 15, ojú méjèèjì wú.

Ali ni mo fi ṣe ìkíní. Àwọn tó lù ló mú mi gbà bẹ́ẹ̀, àti pé lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ ló lu àwọn tó le jù nínú wọn. Louis ni ìkejì, ó sì sún mọ́ ọn débi pé n kò ní bá ẹni tó bá gbé e ṣáájú jà. Ẹni tó bá fi í sí ìkẹta tàbí ìkẹrin ni kó lọ wo fíìmù ọdún 1938 kó tó tún sọ̀rọ̀. Ìgbà 25 tó gbèjà oyè rẹ̀, láti 1949 títí di òní, kò tíì sí hẹ́fíwéètì kan tó ṣe tó bẹ́ẹ̀.